Ẹni Tí Zoilo Ń Dúró Dè

Guayural, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, ọdún 2002

Yadira, ọmọ ọmọ mi,

Melva Sarango, nọ́ọ̀sì ilé ìlera wa, ló ń bá mi kọ èyí sílẹ̀. Èmi Delfilia ni mo ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ìwé tó kà ṣe ọ̀rọ̀ mi lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ní òun gbọ́.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì pa ọ́? Ìyá arúgbó tó ò ń tọ́jú ńkọ́, ṣé ó ṣì wà? Bá mi kí i. Gbogbo wa níbí ń kí ọ. Màlúù bí, akọ ni. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ní kó má dá mọ́.

Bàbá àgbà rẹ ń kú lọ. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà sọ ọ́. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá ní Loja la ikùn rẹ̀, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n rán an padà. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ́ dé ẹ̀dọ̀, ká gbé e wálé, ká máa fún un ní ohun tó bá fẹ́ jẹ. Kò fẹ́ jẹ nǹkan kan. Mo se ọbẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú fún un, mo fi wàràkàṣì sí i bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Delfilia, o gbàgbé iyọ̀." Iyọ̀ wà níbẹ̀.

Orí bẹ́ẹ̀dì wa ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ní ká gbé òun sí. O mọ ìdí. Ó ń dúró de bàbá rẹ.

O mọ̀, èmi náà mọ̀, pé ó ti ju ọdún méjì lọ tí Clotario ti wà nínú ilẹ̀ ní Murcia lọ́dọ̀ rẹ lókè òkun, láti ọjọ́ tó ti já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́. Àwa méjèèjì la jọ pinnu pé ká má sọ fún Zoilo, nítorí ọkàn rẹ̀ tó ń ṣe ségesège nígbà náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ dá a lábàá, mi ò dá ọ lẹ́bi. Láti ìgbà náà lo ti ń kọ ọ́ sínú gbogbo lẹ́tà pé "Bàbá mi ní kí n kí yín," tó o sì ń fi nǹkan ránṣẹ́ lórúkọ rẹ̀. Fìlà aláwọ̀ eérú tó o fi ránṣẹ́ ní Kérésìmesì èṣí ṣì wà lórí ìṣó. Kò dé e rí.

Melva máa ń wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Ó mú ìgò kékeré kan wá, ó ní ká kán an lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sábẹ́ ahọ́n rẹ̀, ìrora á fi í sílẹ̀. Zoilo kọ̀. Ó ní oògùn yẹn ń múni sùn, òun ò fẹ́ kí àlejò òun dé kó bá òun lójú oorun. Ló bá ń wo ọ̀nà, ó ń fi eyín fa aṣọ ìbora ya. Mo ti rán aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì.

O mọ̀ bó ṣe rí nílé wa. Ẹni tó bá ń dúró de ẹnìkan kì í lè lọ, àfi kí onítọ̀hún dé, tàbí kó yọ̀ǹda rẹ̀. Ìyá mi dúró de àbúrò rẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ìdin ti wọ ojú rẹ̀ kí ọkùnrin náà tó dé. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyí: kọ lẹ́tà kan lórúkọ bàbá rẹ. Kó sọ pé òun ò lè wá. Kó sọ pé kò sí ìjà láàárín wọn. Kó ní kí bàbá òun máa lọ. Má kọ ọ́ gùn. Melva á kà á sí i létí, á wá gba oògùn rẹ̀, á sì sùn.

Yára. Òkè tó wà lókè afárá ti ń yọ́, tó bá ya, ọkọ̀ ò ní lè kọjá mọ́.

Àgbélébùú tó wà nísàlẹ̀ yìí, èmi ni mo fà á.

+

Murcia, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ọdún 2002

Ìyá mi àgbà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Mo ka lẹ́tà yín nínú ilé ìdáná ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Melva.

Ìyá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé kí Bàbá àgbà kú ni? Ṣé nítorí pé àárẹ̀ ti mú yín ni, àbí àwọn aládùúgbò ló ń sọ̀rọ̀? Tó bá jẹ́ agbára láti tọ́jú rẹ̀ ni kò sí, ẹ gbé e padà sí Loja. Ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin náà máa fi eyín fa aṣọ ya nínú ilé bí ẹran tí wọ́n dè mọ́lẹ̀.

Doña Encarna tí mo ń tọ́jú níbí, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Ilé ni òun náà wà. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní bọ́tìnnì, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á gbé orí rẹ̀ sókè. Dókítà ń wá sílé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Bó bá kérora, mo máa pe nọ́ńbà kan, wọn yóò dé kí omi tó hó. Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe arúgbó nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ méjì ń gbé ní òpópónà kejì sí wa, wọ́n máa ń wá lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń gé èékánná rẹ̀. Ó máa ń pè mí ní Maruja, orúkọ ọmọ rẹ̀.

Mi ò lè wá. Ẹ ti mọ̀. Bí mo bá jáde nílùú yìí láìní ìwé, mi ò ní lè padà wọlé, kò sì sí ohun tí màá wá máa jẹ ní Guayural.

Lẹ́tà tí ẹ ní kí n kọ, mi ò lè kọ ọ́. Àwa mẹ́rin péré la wà nídìí sàréè Bàbá mi, àlùfáà sì ń wo aago. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bá òkú kí yín. Bí mo ti ń kọ èyí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ tán pé ó ní kí n kí yín, ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fẹ́ kí òkú yẹn kan náà máa pe bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ gbé e lọ sí Loja. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín,
Yadira

Guayural, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta, ọdún 2002

Yadira,

Melva náà ló tún ń kọ ọ́. Ẹ̀yìn ìbaaka ni wọ́n fi gbé lẹ́tà rẹ dé lánàá, torí òkè ti ya. Mo ní kí ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì ni inú tó bí mi.

Ta ló ní kí o pa á? Jẹjẹrẹ ń ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́, kò bẹ̀ ọ́ fún ìrànlọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ni mo ní kí o ṣí fún un.

O ní ká gbé e lọ sí Loja. Loja ló ní ká gbé e wálé! Wákàtí mẹ́fà ni nínú ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tí ọ̀nà ṣì wà. Nísinsìnyí ìbaaka ni, ṣé kí n dì í mọ́ ẹ̀yìn ìbaaka bí àpò kọfí? Ṣé o rántí Obdulia tó ń darí àdúrà? Ìlú ńlá ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Wọ́n gbé e dé láàárín àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n sì ní láti máa fi ìgbálẹ̀ gbá ọ̀nà láti afárá títí dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ lè mọ ilé. Obdulia ní kò tíì dé títí di òní. Ajá ṣì ń gbó lórí afárá. Zoilo fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé yìí. Inú rẹ̀ ló máa kú sí.

Bẹ́ẹ̀dì oníbọ́tìnnì tó o sọ, mo sọ fún un. Ó ní, "Tó bá lè gbé orí mi sókè, ṣé ó lè gbé nǹkan mìíràn sókè?" Mo ní kó panu mọ́. Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín bó ti ń kọ ọ́.

Àwọn aládùúgbò ń wá. Wọ́n ń mú adìẹ wá, wọ́n ń mú kọfí wá, wọ́n ń jókòó. Àmọ́ ìgò yẹn ni wọ́n ń wò. Abdón tó wà nísàlẹ̀ odò, wọ́n kán oògùn yẹn sí i lẹ́nu lọ́sàn-án, ó kú ní ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní ẹ̀kán ìdágbére. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Obdulia bi Melva léèrè níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀kán mélòó ló ń rán èèyàn lọ?"

Melva ní, "Ìyá, kì í rán ẹnikẹ́ni lọ. Ìrora ló ń rán lọ."

Obdulia ní, "Ó dáa. Abdón àti ìrora rẹ̀ wá jọ ń lọ ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Zoilo náà rẹ́rìn-ín, ó sì dùn ún débi pé ó bì.

Obdulia tún ní òun gbọ́ ẹsẹ̀ Zoilo nídìí ẹ̀rọ ìfúnrèké, pé ó ti ń ṣa ipasẹ̀ rẹ̀. Ìwọ tó o ti pẹ́ lókè òkun, ṣé o ṣì rántí ìyẹn? Ẹni tó bá fẹ́ kú á padà sí gbogbo ibi tó ti tẹ̀ rí, á ṣa ipasẹ̀ rẹ̀ jọ kó tó lọ. Zoilo rìn dé etí òkun nígbà tó ń gé ìrèké. Bó bá jẹ́ pé àìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ṣì pọ̀ fún un.

Pósí méjèèjì tó fi igi kédárì kàn ní ọdún méjìlá sẹ́yìn ṣì wà lókè àjà. Àgbàdo ni mo ń kó sínú tèmi, ẹ̀wà wà nínú tirẹ̀. Ó ní kí n kó ẹ̀wà náà kúrò, òun ò fẹ́ kó hù lára òun. Mo ti kó o. Tèmi kúrú. Ó ti máa ń sọ láti ìgbà náà pé mo máa sún kì, mi ò sì tíì sún kì tó.

Lójoojúmọ́ ló ń bi mí. "Ṣé Yadira kọ̀wé?" Mo ní ó kọ ọ́. "Clotario ńkọ́?" Mo ní ó ń ṣiṣẹ́. Á wò mí, á ní, "Iṣẹ́ yẹn mà pọ̀ o." Á tún yíjú sí fèrèsé.

Kọ lẹ́tà náà. Ó dàbọ̀.

Yadira, èmi Melva nìyí, mò ń fi èyí kún un. Láti oṣù kejì ni ìyá àgbà rẹ ò ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, orí àpótí ló ń jókòó sùn. Ó ń wúkọ́ ṣáá, kò sì jẹ́ kí n gbé etí lé àyà òun.

Èmi Delfilia tún nìyí. Mo ti bi Melva pé kí ló ń kọ tó gùn tó báyìí, nígbà tó jẹ́ pé "ó dàbọ̀" ni mo sọ. Ó ní òun ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ ni. Àwọn tó mọ̀wé, wọ́n mọ irọ́ pa.

+

Guayural, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin, ọdún 2002

Yadira,

Melva ló ń kọ ọ́. Ìbaaka ti wá lẹ́ẹ̀mẹta, kò mú nǹkan kan wá láti ọ̀dọ̀ rẹ.

Zoilo ti gbẹ. Ọwọ́ kan ni mo fi ń yí i padà. Egbò ti là sí ìdí rẹ̀, Melva kọ́ mi bí mo ṣe máa fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Kò gba oògùn. Bí ìrora bá dé, á máa ka orúkọ àwọn akọ màlúù tó ti ní rí, látorí èyí tó kọ́kọ́ rà. Bó bá kà wọ́n tán tí ìrora ò tíì lọ, á tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń kó adìẹ wá ò wá mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí, wọ́n á ní, "Ṣé ó ṣì wà?" bí ẹni ń bèèrè ọjà tó yẹ kó ti tán. Mo ń sọ fún wọn pé ó ṣì wà. Obdulia ní ẹ̀ṣẹ̀ kan ló dì í mú. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni. Kò bi mí pé èwo.

Ọjọ́ Àìkú yìí ni mo dá fún ọ. Tí lẹ́tà ò bá dé, màá sọ òtítọ́ fún un. Bí òtítọ́ bá pa á, a jẹ́ pé òtítọ́ nìkan ló ráyè wá bá a.

Melva, dá a dúró níbẹ̀. Má fi nǹkan kan kún un.

+

Murcia, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, ọdún 2002

Ìyá mi àgbà,

Ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Lẹ́tà oṣù kẹta nìkan ni mo rí gbà. Mo gbé e sínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi títí ó fi fẹ́ já, mi ò mọ ohun tí màá fi fèsì.

Doña Encarna kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún. Ó ti ń gbìyànjú láti lọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò lè wò ó, wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, èmi ni wọ́n ní kí n bá a lọ. Dókítà ní kò yẹ kó ṣì wà láàyè. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń pe Maruja, Maruja. Maruja wà nílé, ó ní òun ń bọ̀. Nígbà tó yá, mo fi ẹnu sí i létí, mo ní, "Màmá, Maruja ti dé. Ẹ máa lọ." Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lọ. Ọwọ́ mi ṣì wà nínú tirẹ̀.

Mo ti ṣe é fún ẹni tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n kó ẹrù mi kúrò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ilé ẹlòmíràn ni mo wà báyìí, àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá kan.

Lẹ́tà tí ẹ béèrè ló wà nínú èyí. Bébà ọ̀tọ̀ ni mo fi kọ ọ́, mo sì gbìyànjú láti kọ ọ́ bí Bàbá mi ṣe ń kọ̀wé, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà. Ẹ kà á fún un kíákíá.

Yadira

Bàbá mi,

Èmi Clotario ni. Mo gbọ́ pé ara yín ò yá. Mi ò lè wá, ibi tí mo wà jìnnà, wọn ò sì jẹ́ kí n kúrò. Bí òtútù bá mú, ẹsẹ̀ mi òsì ṣì máa ń ro mí. Mo máa ń rántí ọjọ́ tí ìbaaka ta mí nípàá létí odò, tí ẹ gbé mi kọ́ ẹ̀yìn títí délé, tí ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ kankan lójú ọ̀nà. Mi ò dúpẹ́ nígbà náà. Mo dúpẹ́.

Kò sí ìjà láàárín wa. Ẹ má wo ọ̀nà mọ́. Ẹ máa lọ, a ó pàdé.

Clotario yín

Guayural, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù karùn-ún, ọdún 2002

Yadira,

Melva ló ń kọ èyí náà, èyí ni yóò sì kọ kẹ́yìn. Wọ́n ti ní kó máa lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ìparí oṣù kẹfà ló máa lọ. Wọn ò sọ ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n sí, kò sí.

Bàbá àgbà rẹ kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin. Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún. Kì í ṣe òkè tó ya yẹn nìkan ló fà á, ìwọ náà mọ̀.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ Àìkú bí mo ṣe wí. Mo kọ́kọ́ fi kọfí ra ètè rẹ̀, mo jókòó sórí àpótí. Mo ní, "Zoilo, Clotario ò ní í wá."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní, "O ò mọ̀. Ó ti kú."

Ó ní, "Obìnrin yìí, mo ní mo mọ̀. Ọdún tí àgùntàn wa sọnù, ní oṣù kọkànlá, ní ìdájí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àgbàlá, ó wá ṣa ipasẹ̀ rẹ̀. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Ìwọ ní olè ni, o ṣílẹ̀kùn, o sọ igi lù ú."

Òótọ́ ni. Mo sọ igi. Mo tiẹ̀ bú u pẹ̀lú.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Mò ń dúró dè yín kí ẹ sọ ọ́ tán." Ó fi ojú tọ́ka fìlà tó wà lórí ìṣó. Ó ní, "Ìyẹn tóbi jù. Fìlà kan lèmi àti Clotario jọ máa ń dé. Kò lè ṣi orí mi mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí, Yadira. Àwa méjèèjì ló ń dúró dè láti ọjọ́ yìí, ìwọ lóhùn-ún, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó wá béèrè pé ta ló ṣe àdúrà òkú ọjọ́ mẹ́sàn-án fún ọmọ òun. Mo ní kò sí ẹni tó ṣe é. Báwo la ṣe máa ṣe é, tí a ò fẹ́ kó gbọ́? Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ní, "Pe Obdulia wá."

Láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì rẹ̀, ni wọ́n ti ń wá. Obdulia ń ṣáájú, gbogbo ilé ń gbè é. Mo se kọfí, mo pín ọtí ìrèké. Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọn ò rí rí, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé mo fi òkú ọmọ mi pamọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ni Zoilo ti ń gbe àdúrà, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. Melva gbé ìgò wá, ó tún kọ̀. Ó ní òun ò ní sùn nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún ọmọ òun. Ọjọ́ méje gbáko. Àwọn orúkọ màlúù náà ò ràn án lọ́wọ́ mọ́, igbe ló ń ké láàárín àdúrà, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún máa bá a lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ, ó ní, "Delfilia, fún mi ní nǹkan yẹn wàyí." Melva ò sí níbẹ̀, ọjọ́ Ajé ni. Mo kán an sínú ṣíbí. Mo ka mẹ́wàá, ó lè jẹ́ méjìlá. Ó gbé e mì, ó ní kò dùn. Ó sùn. Kí Obdulia tó parí àdúrà, kò mí mọ́. Obdulia dákẹ́ sáàárín ọ̀rọ̀, ó wo ṣíbí ọwọ́ mi. Kò wo òkú. Ṣíbí ló wò.

Melva ní kí n sọ fún ọ pé kì í ṣe oògùn náà ló pa á, pé ó ti parí tẹ́lẹ̀. Mo ti sọ ọ́. Ó fẹ́ kí èmi náà gbà á gbọ́. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì òkú wà lórí tábìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án tuntun fún Zoilo. Ti Clotario ku ìrọ̀lẹ́ kan. Obdulia ní a kì í fi òkú kan dí òkú kejì lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ kan náà ló ṣì kù títí di òní.

Wọ́n ń sọ pé èmi ni mo rán an lọ. Mo ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ wá fọ egbò ìdí rẹ̀ fún oṣù kan. Ṣùgbọ́n Aurelio tó ń gbé lókè wa ti ní jẹjẹrẹ ní ọ̀fun, Melva gbé ìgò lọ bá a, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ò jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ṣíbí Delfilia nílé àwọn. A ń gbọ́ igbe Aurelio láti ibí. Melva ń gbọ́ ọ bó ti ń kọ ọ́ yìí.

Lẹ́tà bàbá rẹ, mo ní kí Melva kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. O kọ ọ́ dáadáa. Clotario ò lè sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ láéláé, "ó dáa" nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ.

Mo ti jẹ́ kí Melva gbé etí lé àyà mi. Ohun tó gbọ́, ó kọ ọ́ sínú káàdì kan, ó ní kí n gbé e lọ sí Loja. Mi ò lọ. Ẹni tó máa yí mi padà lórí bẹ́ẹ̀dì ni mi ò rí, mo sì ti wò yíká. Mi ò sọ èyí kí o lè wá. O ò lè wá.

Gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Vicente Malla, olùkọ́ ilé ìwé, ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún nígbà tí ẹsẹ̀ mi bá ti ń tutù, torí òun nìkan ló máa kù tó mọ̀wé kà níbí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Obdulia, bó tilẹ̀ ń bà mí jẹ́, torí kò sí ẹlòmíràn tó mọ àdúrà. Kí wọ́n sọ fún un pé kó parí ìrọ̀lẹ́ kan ti Clotario kó tó bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ìwọ ni kí wọ́n sọ fún kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n bá ti bò mí tán, kó má bàa di pé o tún ń gbé lẹ́tà kiri nínú àpò.

Lẹ́tà tó o kọ wà nínú pósí mi, lábẹ́ àgbàdo, lápá ọ̀tún. Mo fi ọ̀rá wé e nítorí kòkòrò. Kí Vicente kà á sí mi létí. Mo mọ ẹni tó kọ ọ́. Mo mọ̀ pé Zoilo ló gbé e kọ́ ẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe èmi. Kó ṣáà kà á. Níbi tó o kọ "Bàbá mi" sí, kó kà á ní "Ìyá mi."

+